Láti Igolo Lọ Wo Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnì ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá gba Ìdí-Ìrókò wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Igolo ni ìlú tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Kò sí ọ̀sà níbẹ̀, kò sì sí èbúté. Ọjà ló wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, àti kpayo, bẹntiróòlù tó ń ti Nàìjíríà wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jókòó sí tí wọ́n fi ń gbèrò ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó wọn ń lọ ra ẹja àti ẹ̀fọ́ ní Aguégué, àwọn abúlé inú omi tí odò Wèmè ń ṣàn gbà, ó sì ti sú ìyàwó láti máa dúró de ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Wọ́n ti rí àlòkù ọkọ̀ kan ní Àjàṣẹ́. Ara rẹ̀ le, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà wọ́n: Mariner ni wọ́n kọ sí i lára, kò sì sí ẹnìkan ládùúgbò tó mọ Mariner. Wọ́n ní kí n wá bá wọn wò ó, nítorí pé mo ti bá àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì.

A wọ takisí ní òwúrọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́sẹ̀: ẹ́ńjìnì náà lágbára, owó ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì pọ̀ kò sì tó iye tí wọ́n ń ta Yamaha tuntun nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "tí rọ́bà páǹpù rẹ̀ bá ya lọ́la, níbo lẹ ti máa rí òmíràn?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, lójú tèmi, ibẹ̀ ló fì sí. Omi ọ̀sà ni irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ fi ń tu ara rẹ̀ lára. Rọ́bà kékeré kan tó ń yí nísàlẹ̀ ló ń fa omi náà sókè, omi á gba ara ẹ́ńjìnì kọjá, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì máa tú jáde lẹ́yìn bí ẹni da omi láti inú kẹ́tù. Bí omi yẹn bá dá, tí awakọ̀ kò sì tètè pa á, ẹ́ńjìnì á gbóná títí yóò fi gan. Ní àsìkò tí Wèmè bá kún, tí omi dídùn bá lé omi iyọ̀ sẹ́yìn, koríko tó ń léfòó á bo ojú ọ̀sà, á sì máa dí ihò tí omi ń gbà wọlé. Rọ́bà náà kò wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó bá a mu gan-an lèèyàn gbọ́dọ̀ rí.

Ní ọ̀pọ̀ etí omi wa, Yamaha ni gbogbo ènìyàn mọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Enduro. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lè tú u kó sì tò ó padà. Ohun tí wọ́n ń ra nìyẹn tí wọ́n bá san owó gọbọi lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun gbogbo ló ń ti Èkó gba Igolo kọjá, rọ́bà Mariner náà á kọjá. Mo rán wọn létí oṣù Kẹjọ 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti í ní 1984, àti pé àwọn ṣì rántí bí ọjà ṣe dá páropáro.

Ní Àjàṣẹ́, a bá ọkọ̀ náà létí ọ̀sà. Bàbá tó ni ín, Ègùn tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ti mú mẹkáníìkì kan wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Igi ọkọ̀ náà dára lóòótọ́. Mo gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́bẹ níbi tí omi máa ń dúró sí, ọ̀bẹ kò wọlé.

A ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì. Ohun tí mo ń wá ni pátákó kékeré tí wọ́n ń kọ ilé iṣẹ́ sí, torí orúkọ ara ìdérí kì í sọ gbogbo òótọ́. Brunswick, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Mercury, ló gbé Mariner jáde ní àwọn ọdún 1970. Nígbà yẹn, Yamaha ló ń bá wọn ṣe é ní Japan. Ìjọba Amẹ́ríkà tako àdéhùn àjọṣe wọn pé ó ń dí ìdíje lọ́wọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 1981. Nígbà tó yá, Mercury tí wọ́n kùn láwọ̀ eérú ni ọ̀pọ̀ Mariner. Nítorí náà, Mariner kan lè jẹ́ ìbátan Yamaha, kí òmíràn jẹ́ Mercury pọ́ńbélé.

Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú bẹntiróòlù nu pátákó náà. Fond du Lac, Wisconsin, ló jáde. Ilé Mercury nìyẹn.

Inú mi dùn díẹ̀. Mercury ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò dà bí Evinrude tí ilé iṣẹ́ BRP ní Kánádà pa tì ní 2020. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí mẹkáníìkì ṣí àpótí rẹ̀, Yamaha ló kún inú rẹ̀, àti Suzuki díẹ̀. Ó ní tí òun bá fẹ́ ti Mercury, Kútọnu lòun á wá a lọ.

A yọ pọ́lọ́ọ̀gì, a wọn agbára sílíńdà méjèèjì: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bàbá fẹ́ kí a wà á lófìfo. Mo bẹ̀ wọ́n kí a kó àpò iyanrìn sí i, torí ẹrù ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa gbé, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnì náà gbé e, omi ń tú jáde lẹ́yìn dáadáa. Ó ń mu epo púpọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnì alápòpọ̀ ọ́ìlì, lítà ọ́ìlì kan sí àádọ́ta lítà bẹntiróòlù. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó kpayo sì fò sókè, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Nígbà tí a padà sétí omi, mo ní kí mẹkáníìkì tú ọ́ìlì gíà. Ó jáde ní funfun bí ògì. Omi ti ń wọ inú gíà, ọ́ìlì síìlì ìdí abẹ̀bẹ̀ ti jẹ. Tó bá jẹ́ Yamaha ni, ọjọ́ yẹn la máa pààrọ̀ rẹ̀.

A ní kí Bàbá ta ara ọkọ̀ nìkan fún wa, wọ́n ní àwọn kò ní ya ọkọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ dìde, mo wá sọ èyí tó wá sí mi lọ́kàn: kí Bàbá fi owó ara wọn rán mẹkáníìkì lọ sí Kútọnu, kó wá síìlì yẹn àti rọ́bà páǹpù kan sí i. Bó bá rí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ti mọ̀ pé Mariner ṣeé bá gbé, ẹ̀gbọ́n mi á san iye tí a jọ fẹnu kò sí. Bí kò bá rí wọn, ẹ̀gbọ́n mi á ra ara ọkọ̀ nìkan, Bàbá á sì gbé ẹ́ńjìnì wọn lọ.

Bàbá rò ó títí, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí owó díẹ̀ wà nílẹ̀ lórí ara ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ka sẹ́fà sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Faransé, mẹkáníìkì sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.