Àpò Irinṣẹ́ Inú Ọkọ̀ Ìjàpá

Nígbà tí ọmọbìnrin olóògbé ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ṣí iwájú ọkọ̀ Volkswagen bàbá rẹ̀ ní Ajílósùn, ní ìlú Adó-Èkìtì, ìwé ọkọ̀ ni ó ń wá. Kò rí ìwé. Àpò dúdú kan ni ó bá lábẹ́ sípíà táyà, eku ti jẹ etí rẹ̀. Irin mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀: sípánà mẹ́ta, ẹ̀mú kan, súkúrù-dírẹ́fà kan, àti irin tín-ín-rín tí a fi ń fa wíìlì kọ́bà yọ. Okùn pupa wà lọ́rùn ọ̀kan nínú àwọn sípánà náà. Ó mọ okùn yìí dáadáa. Bàbá rẹ̀ ni ó so ó síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà gbàgbé pé sípánà olè nìyẹn.

Lẹ́yìn owó Udoji ọdún 1975 ni bàbá ra ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́njú nígbà náà yóò rántí bí ìjọba ṣe san àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn kan fi ra rédíò, àwọn mìíràn ra alùpùpù, ẹni tí ó bá sì lè yá díẹ̀ kún tirẹ̀ ra ọkọ̀ ìjàpá. Ọkọ̀ yìí bá ilẹ̀ Èkìtì lára mu. Kì í lo omi rárá, afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, nítorí náà kì í hó nígbà tí ó bá ń gun òkè tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ń dúró bu omi mu. Ọdún 1975 yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ibẹ̀ ni ti bàbá ti jáde.

Ní ọdún 1982, fánbẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà já. Mẹkáníìkì tí ó máa ń tún un ṣe rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún tí fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́. Irinṣẹ́ inú ọkọ̀ gan-an ni ó fi ṣiṣẹ́ náà. Ní alẹ́, bàbá ka irin inú àpò. Wọ́n pé, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ó gbé ojú lé ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara sípánà tátíìnì: IND. BRASILEIRA. Ta ni kò mọ̀ pé ará Jámánì ni Volkswagen? Ó dá a lójú pé ọmọ náà ti gbé ojúlówó lọ, ó sì ti fi ayédèrú dípò. Ọmọ náà búra títí. Ó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun kan, wọ́n ní kí ó panu mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àwọn ọmọdé àdúgbò fi í kọrin lójú títì, ọmọbìnrin yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, sì wà lára àwọn tí ó ń gbe orin.

Bàbá kì í ṣe òṣìkà ènìyàn. Tíṣà tí kì í fagi lé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ láìkà á lẹ́ẹ̀mejì ni. Síbẹ̀, agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni ó ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọbìnrin náà ya àwòrán irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi ránṣẹ́ sí ìbátan ọkọ rẹ̀ kan tí ó ń tún ọkọ̀ asáré àtijọ́ ṣe ní London. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí jọ ti ẹni tí ń ka ìwé àtijọ́. Porsche 356, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1948 sí 1965, ni ó mọ̀ jù. Ọmọ ìyá ìjàpá ni ọkọ̀ náà. Ẹ̀yà ìjàpá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àpò irinṣẹ́ rẹ̀ tí ó bá pé máa ń mówó gọbọi wá, ìdí nìyẹn tí ayédèrú fi pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá àpò tí gbogbo irin inú rẹ̀ jọra bí ìbejì. Irú àpò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tí ó ju ẹyọ kan lọ ni ilé-iṣẹ́ ti ń ra irinṣẹ́. Hazet lè wà lára sípánà kan, kí Klein wà lára èkejì, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ojúlówó. Wọ́n tún máa ń wo orúkọ orílẹ̀-èdè. Àárín ọdún 1949 sí 1990 ni Jámánì pín sí méjì, sípánà tí wọ́n bá tẹ “West Germany” sí lára sì ti sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ dé àyè kan. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n: mìlímítà ni ọkọ̀ Jámánì ń lò, íǹṣì ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Èsì rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó dé. Ó ní kí wọ́n tú okùn pupa náà. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ kì í rọ ọkọ̀, ṣe ni wọ́n ń tò ó, Bùràsílì ni wọ́n sì ti ń kó ẹ̀yà wá fún ìjàpá àti fún Igala tí wọ́n ń tò níbẹ̀. “Iṣẹ́ Bùràsílì” ni ìtumọ̀ lẹ́tà wọ̀nyẹn ní èdè Potogí. Ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà ti padà wá sí Èkó ni sípánà náà ti wá, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni ó sì bá dé.

Ó fi kún un pé àlejò kan wà nínú àpò lóòótọ́. Sípánà kẹta, èyí tí ó ń dán jù, tí wọ́n tẹ “Made in England” sí lára, íǹṣì ni: 3/4. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì jẹ́ mìlímítà 19.05, nítorí náà ó ń di nọ́ọ̀tì náíntíìnì mú láìyẹ̀. Sípánà yìí ni bàbá máa ń fi yangàn pé irin Òyìnbó gidi ni. Ọmọ rẹ̀ rántí tíṣà ẹlẹ́gbẹ́ bàbá kan tí ó ní Morris, tí àwọn méjèèjì máa ń yá ara wọn ní irinṣẹ́.

Oṣù méjì ni ó fi wádìí kí ó tó rí ọmọ iṣẹ́ ọjọ́sí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń ta pákó ní ọ̀nà Ìkéré. Kò padà sí iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé àpò náà ka iwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá.” Ó sọ ọ̀rọ̀ Bùràsílì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó na ọwọ́ sínú àpò, ó mú sípánà kan tí kò ní orúkọ lára àti súkúrù-dírẹ́fà, ó kó wọn lé orí pákó.

“Àbúrò, dìde. Ẹ wo nọ́ḿbà ara eléyìí, mọ́kànlélógún ni. Òun ni a fi ń tú nọ́ọ̀tì fánbẹ́ẹ̀tì ìjàpá, a ó fi súkúrù-dírẹ́fà dá púlì dúró kí ó má baà yí. Àwọn méjèèjì yìí nìkan ni mo mú nínú àpò lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún bàbá yín nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ fi tátíìnì ṣe?”