Ìròyìn Àárín Àdììtú

Ẹ̀dà ojú ìwé kan náà ló máa ń wà níwájú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àpótí kéékèèké ló kún un, 15 ní ìbú, 15 ní òòró, òmíràn funfun, òmíràn dúdú. Nọ́ńbà tíntìntín jókòó sí igun àpótí tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni àwọn gbólóhùn kúkúrú tò sí, èyí tí ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò kà tí yóò rò pé ọtí ló ń pa ẹni tó kọ wọ́n. Kírọ́sìwọ́ọ̀dù aládìítú nìyẹn, eré tí àwọn ará Ìlú Ọba kì í fi ṣeré.

Ilé kọfí kan nítòsí Rye Lane, ní Peckham, ni wọ́n ti ń pàdé láàárọ̀ Sátidé. Ìta ń pariwo: oníṣu, alátarodo, oníwàásù tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání. Nínú ilé, létí fèrèsé, tíṣà ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìntì ló máa ń di bírò mú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọmọ Jàmáíkà, tí òun náà ti fẹ̀yìntì, jókòó kọjú sí i. Obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé rí wà lápá ọ̀tún, ìwé atúmọ̀ èdè tí èèpo rẹ̀ ti ya wà lórí itan rẹ̀. Ẹnì kẹrin ni Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó máa ń kó àkàrà wọlé síbẹ̀, tí onílé kọfí á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn mẹ́ta yòókù ń pe ara wọn lórúkọ, bí àṣà ibẹ̀. Àǹtí nìkan ni wọ́n ń pè ní Sísítà, títí kan tíṣà tó jù ú lọ. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n lọ ṣe ẹ̀dà, kí n sì gbé tíì wá.

Ohun tó mú kí àwọn gbólóhùn náà dà bí ìsọkúsọ ni pé ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan jẹ́ ìtumọ̀ gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ló sì máa ń wà. Èkejì jẹ́ ọgbọ́n àyínìke: kí a tú lẹ́tà ká kí a tún wọn tò, kí a ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá, kí a wá ọ̀rọ̀ tó sá pamọ́ sí ikùn òmíràn. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ já síbi kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó hun àdììtú kò ní fi oríta wọn hàn ọ́. Nọ́ńbà inú àkámọ́ ló ń sọ iye lẹ́tà. "Flower" tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀ sí òdòdó lè di odò lọ́wọ́ wọn, torí odò ń ṣàn, "flow" sì ni ṣíṣàn. Mo dán ọ̀kan wò fún Àǹtí ní Yorùbá: "Olùṣọ́ ilé sá pamọ́ sí Àjàṣẹ́ (3)". Kó tó gbé ife kalẹ̀ ló ti ní ajá ni, àmì ohùn kì í kúkú wọ inú àpótí. "Ìwọ ọmọ yìí, èyí rọ̀ jù. Gba tèmi: Ná mi, yí mi padà, èmi náà ni (3)." N kò ní sọ ìdáhùn rẹ̀ níhìn-ín.

Ó fara jọ àlọ́ àpamọ̀ wa, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìdáhùn àlọ́ ti wà nílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá. Ọmọ tó bá mú òmíràn wá, bó ti wù kó bọ́gbọ́n mu tó, wọ́n á ní kò gbà á. Ìdáhùn àdììtú ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Bó bá bọ́ sójú rẹ̀, lẹ́tà kan kò ní ṣẹ́kù, ọ̀kan kò ní dín, gbogbo tábìlì á sì kérora lẹ́ẹ̀kan náà.

"Lẹ́tà méje, K ló bẹ̀rẹ̀," ni tíṣà á wí. Kẹ́kẹ́ á pa. Ìgbà náà ni awakọ̀ á sọ pé ilé ìwòsàn tún ti sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ orúnkún òun síwájú. "Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn," Àǹtí á ní, láìgbójú sókè. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tún ti da ike ìdọ̀tí obìnrin ilé ìkàwé nù lóru. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ Àǹtí ti dé láti Èkó, àwọ̀ rẹ̀ kò sì jọ èyí tí wọ́n fi hàn án lórí fóònù. "Àbí 'kitchen' ni?" Tíṣà á ka àpótí, á kọ ọ́ sí i. Bí òun náà bá wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn 1942, nípa àwọn tó díje láti parí àdììtú The Daily Telegraph láàárín ìṣẹ́jú 12, tí ìjọba sì pe àwọn kan nínú wọn síṣẹ́ títú àṣírí ogun ní Bletchley Park, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá náà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí tíṣà sọ pé òun ti ta ilé tí òun àti ìyàwó òun gbé kí ìyẹn tó kú, orí àpótí ni ojú rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó wò ó. Obìnrin ilé ìkàwé bi í bóyá ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni àárò rẹ̀ yóò sọ ọ́ jù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n padà sí nọ́ńbà 12. Mo ti jókòó níbi ìbánikẹ́dùn tí ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì tí kò sì tu ẹnikẹ́ni nínú. Ó rọrùn láti sọ ohun tó ń dunni nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn bá wà lórí nǹkan mìíràn.

John Graham mọ èyí. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì ti ń hun àdììtú fún The Guardian láti 1958. Ìnagijẹ ni wọ́n ń lò nídìí iṣẹ́ náà: Edward Powys Mathers, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú The Observer ní 1926, pe ara rẹ̀ ní Torquemada, orúkọ ọ̀gá adánilóró ilẹ̀ Sípéènì àtijọ́, obìnrin ilé ìkàwé sì ní ó yẹ ẹ́. Araucaria ni Graham ń jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 91, ó kọ ọ́ ṣáájú àdììtú rẹ̀ pé Araucaria ní nọ́ńbà 18 ti nọ́ńbà 19, àti pé 13 pẹ̀lú 15 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn òǹkàwé fúnra wọn ló kọ ìròyìn náà sínú àpótí: àrùn jẹjẹrẹ, ọ̀nà ọ̀fun, ìtọ́jú tó kàn ń dín ìrora kù. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Awakọ̀ ṣì ní ẹ̀dà tirẹ̀ nílé. Ó ní nígbà tí òun rí 18, ńṣe ni òun ń yẹ 19 wò léraléra bóyá kò ní bá a mu.

Bó bá di ọ̀sán, igun kan á ṣì ṣófo. Wọn kì í jẹ́ kí fóònù wá ìdáhùn fún wọn, nítorí náà olúkúlùkù á ká ẹ̀dà rẹ̀ sápò lọ sílé. Ní aago méjì òru ọjọ́ Àìkú kan, Àǹtí fi ìdáhùn nọ́ńbà 22 ránṣẹ́ sórí WhatsApp wọn. Awakọ̀ fèsì lójú ẹsẹ̀ pé òun ti rí i láti aago kan, orúnkún kò jẹ́ kí òun sùn. Àǹtí kọ orúkọ oògùn kan sí i, ó ní kó jẹun kó tó lò ó. Tíṣà, tí wọ́n rò pé ó ti sùn, wá ń béèrè bí wọ́n ṣe rí lẹ́tà kẹta.