Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Nínú Lẹ́tà

Àwa mẹ́fà ni a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Odòmẹ́ta, ní ilẹ̀ Kétu, ní ọdún tí a fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC. Ọkùnrin mẹ́rin ni wá, obìnrin méjì. Yorùbá Kétu ni a ń sọ nílé, Faransé ni a fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹrù kẹta tí wọ́n gbé lé wa lórí láti ìgbà tí a ti wọ kíláàsì sixième. Ẹni tí ó ru ẹrù mẹ́ta ni ó mọ èyí tí ó wúwo jù nínú wọn. Ní tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹnì kan lè sọ pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ní 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fa ìlà sí àárín ilẹ̀ yìí. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ara ìjọba Kétu láti ayébáyé sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ti ń fi èdè kan kàwé, tí ọmọ àbúrò ń fi òmíràn kà á, tí àwọn méjèèjì sì ń kí ara wọn ní Yorùbá bí wọ́n bá pàdé níbi òkú tàbí níbi ìgbéyàwó. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ná ọjà Ìlárá mọ owó náírà bí wọ́n ti mọ séfà. Wọ́n ń sọ mọ́tò, fóònù àti tíṣà láìrò ó pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì inú ọjà kọ́ ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ni wọ́n ń béèrè, irú èyí tí a kì í gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Odòmẹ́ta.

Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ gbà kò mú ọgbọ́n lọ́wọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, tí èèpo rẹ̀ ti já. A pinnu pé láti orí A ni a óò ti bẹ̀rẹ̀, ogún ọ̀rọ̀ lójúmọ́. A ń kọ wọ́n sínú ìwé àjákọ, a ń kọrin wọn bí ẹni ń ka ìlọ́po ìṣirò. Bí a bá fi máa kọ́ ogún tuntun, ogún àná ti lọ. Ní ìparí oṣù kejì, a kò tíì kúrò nínú C, àwọn tí a sì rántí nínú A kò pé ọgbọ̀n. Síbẹ̀, àyà wa ń dún, nítorí a rò pé ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ti mọ èkejì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbéraga yìí ni ó bí ọ̀ràn lẹ́tà.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì inú wa kò ní bàbá mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń gbé ní Abẹ́òkúta, ni ó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ní ọdún náà owó pẹ́ kí ó tó dé, àwọn ará ilé sì ti ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí owó kò bá dé, kí ọmọ náà lọ sí Èkó lọ bá ẹnì kan tajà. Ó wá bá wa, ó ní kí a bá òun kọ lẹ́tà sí bàbá náà. A ní kí a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí bàbá lè rí i pé owó tí òun ń ná kò ṣòfò. Ìdí mìíràn tún wà tí ojú ń tì wá láti sọ jáde nígbà náà: kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè kọ Yorùbá sílẹ̀. À ń fi í jẹun, à ń fi í sùn, ṣùgbọ́n bí a bá gbé bírò, ọwọ́ wa kò mọ ọ̀nà.

Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a kọ lẹ́tà náà. Ní Faransé, ẹni tí ó bá fẹ́ tọrọ nǹkan a máa lo ọ̀rọ̀ náà demander. A wo inú ìwé atúmọ̀ èdè wa, a rí demand, a yọ̀. A kọ ọ́ pé: “I demand you to pay my school fees before the end of the month.” Nísàlẹ̀, a tún fi kún un pé: “I demand also the money of the examination.” A ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn létí wa. Awakọ̀ kan tí ó ń lọ sí Abẹ́òkúta ni a fi rán.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni awakọ̀ náà padà. Kò mú owó dání, kò sì mú ìwé dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó mú wá: “Bàbá ní kí n sọ fún un pé ọjọ́ tí òun bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ó wá gbà á.”

Ìyá ọmọ náà wá bá wa lábẹ́ igi. Kò pariwo. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni ẹ kọ sí ẹ̀gbọ́n mi?” A ní: “Ìyá, a kàn ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa san owó ni.” Ó wò wá títí, ó sì lọ. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. A rò pé ti ohùn nìkan ni òwe náà ń sọ, a kò mọ̀ pé ó kan ìwé pẹ̀lú.

Bàbá arúgbó kan wà ní àdúgbò wa nígbà náà, tí ó ti kọ́ ọmọ ìjọ ní ìwé Yorùbá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí ó sì ti gbé ní Nàìjíríà fún ọdún púpọ̀. Òun ni a gbé ọ̀ràn náà lọ bá. A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, a sì ka ohun tí a kọ fún un. Nígbà tí a dé orí demand, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní: “Ẹ dúró níbẹ̀. Ta ni ó ń pàṣẹ fún ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀?” Ó là á yé wa pé demander ti Faransé kò ju kí ènìyàn béèrè tàbí kí ó tọrọ lọ, ṣùgbọ́n demand ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ènìyàn fi ojú líle béèrè ohun tí ó kà sí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni “a tọrọ”, ohun tí bàbá Abẹ́òkúta sì kà ni “san án kíákíá.”

Ó wá bi wá pé: “Kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni ẹ fẹ́ sọ ní Yorùbá?” A kò lè dáhùn, nítorí a kò bi ara wa. Ìbéèrè yìí ni ó yí ìkẹ́kọ̀ọ́ wa padà. Bàbá náà mú bírò, ó sì kọ lẹ́tà mìíràn ní Yorùbá, bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ fún un: pé àṣìṣe ọmọdé ni, pé a kò mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ náà, pé a tọrọ àforíjì, a sì ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì fi í ránṣẹ́.

Bàbá kan náà ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn Ajàyí Crowther fún wa. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1822, ni ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ọdún 1843. Ní ọdún 1853, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kétu. Bàbá ní: “Ẹ rí i, ó kọ ọ̀rọ̀ tiwa sílẹ̀ pẹ̀lú tiwọn.”

A ju ìtò A, B, C nù. A fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé àjákọ tuntun: Yorùbá ní apá òsì, Faransé ní àárín, Gẹ̀ẹ́sì ní apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá lè sọ ní Yorùbá, a kì í kọ ọ́ títí a ó fi bi àgbà. Ojú ìwé pàtó ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí Faransé ń pè ní faux amis, tí àwa ń pè ní ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Demand ni ó wà lókè pátápátá. Library tẹ̀ lé e: ilé ìkàwé ni, kì í ṣe librairie tí wọ́n ti ń ta ìwé. Actually túmọ̀ sí “ní tòótọ́”, actuellement sì túmọ̀ sí “lọ́wọ́lọ́wọ́.” Ẹni tí ó jẹ́ sensible ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ní Faransé, ẹni tí nǹkan tètè ń dùn lọ́kàn ni.

Bí a ti ń kún àwọn ojú ìwé náà ni ohun kan yà wá lẹ́nu. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí àwa ti ń bẹ̀rù, àwọn ni ó rọrùn jù fún wa: liberty, society, necessary, abundance. Olùkọ́ kan sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ní ọdún 1066, William, olórí àwọn ará Normandy, la òkun kọjá, ó sì gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Faransé di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà ni màlúù fi ń jẹ́ cow nínú pápá, tí ẹran rẹ̀ sì ń jẹ́ beef nínú àwo, láti ara bœuf. Tí àgùntàn ń jẹ́ sheep, tí ẹran rẹ̀ ń jẹ́ mutton, láti ara mouton. Ẹni tí ó ti jìyà kọ́ Faransé ti san ìdajì owó ọ̀rọ̀ ńláńlá Gẹ̀ẹ́sì láìmọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré ni ó le: give up, look after, put up with. Faransé kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Yorùbá ni ó ràn wá lọ́wọ́. Tí a bá ní ẹnì kan “juwọ́ sílẹ̀”, kò ju ọwọ́ kankan nù. Tí a bá ní ó “tan” ènìyàn “jẹ”, kò jẹ ẹ́ lẹ́nu. A ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì lè pàdé kí wọ́n sì bí ìtumọ̀ kẹta. Bákan náà ni “àì” tiwa: àìgbọràn ni disobedience, àìnísùúrù ni impatience. Ohun tí ó “ṣeé mu” ni drinkable, èyí tí ó “ṣeé kà” ni readable. Láti ìgbà tí a ti rí èyí ni a kò há ọ̀rọ̀ sórí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́. Ìdílé ìdílé ni a ń kó wọn.

Ní ti ìgbàgbé, ọjà ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ́ lónìí, a ó tún un kà lọ́la, a ó tún un kà lọ́rún, a ó sì tún un kà ní ìtàdógún. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni a kà nípa Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tí ó kọ ìwé lórí ìrántí ní ọdún 1885, tí ó fi hàn pé ohun tí a bá kọ́ a máa tètè fò lọ, àti pé kí á máa tún un kà ní ọjọ́ tí ó jìnnà síra sàn ju kí á rọ́ ọ sórí lẹ́ẹ̀kan náà. Inú wa dùn pé ọ̀nà tí àwọn ìyá wa fi ń ka ọjọ́ ọjà bá ti ọ̀mọ̀wé mu.

Ọ̀kan nínú wa lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Confucius ti wà láti ọdún 2009, ó sì bá ọ̀dọ́ kan láti Ṣáínà di ọ̀rẹ́. Nígbà tí ó sọ ìtàn A, B, C wa fún un, ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn náà, ìwé ọ̀rọ̀ fún ìdánwò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abandon, èyí tí ó túmọ̀ sí “kọ̀ sílẹ̀”, àti pé ẹ̀fẹ̀ ńlá ni láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kọ́ kí wọ́n tó ṣe ohun tí ó sọ. Èdè tirẹ̀ ní ohùn mẹ́rin, tiwa ní mẹ́ta. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé tí ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ ti yí. Ṣùgbọ́n òun kò ní Faransé láti fi ṣe àtẹ̀gùn. Ó ní òun ka liberty sí òkúta lásán, kò jọ ohunkóhun ní èdè òun. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé ẹrù tí a ti ń kùn sí, ọlá ni fún ẹlòmíràn.

Ní ti lẹ́tà kejì, èsì rẹ̀ dé kí oṣù tó parí. Owó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà méjì ní Yorùbá: pé òun ti gbọ́, àti pé kí ọmọ máa fi èdè tí ó yé e bá òun sọ̀rọ̀. Ẹ̀sì ìdánwò dé: àwa márùn-ún yege. Ẹnì kẹfà, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin, tún un ṣe ní ọdún kejì kí ó tó yege. Ọmọbìnrin tí a kọ lẹ́tà fún kò lọ sí Èkó. Olùkọ́ ni lónìí, ó sì ń bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè: kí ni ẹ fẹ́ sọ ní Yorùbá?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń múra ìdánwò ní ọdún yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ń dí yín lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó dí wa lọ́wọ́ ni pé a kò lè kọ ọ́. Ẹ kọ́ bí a ti ń kọ ọ́. Ìlà ti apá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ kún.