Àkàrà Tí Ó Ní Ihò Láàrin

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà tí ó ń gbé àárín wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ kan ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn Mísà. Wọ́n ní oúnjẹ wọn ń rùn, wọ́n ní owó nìkan ni wọ́n mọ̀.

Àwa Yorùbá tí a wà ní Avépozo kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àlejò ni àwa náà. Anago ni àwọn Ewe onílẹ̀ ń pè wá. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí òfin jáde ní Gánà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Kùmásí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ta ọjà rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, a di ẹrù, a sì kọjá sí Lómé. Ohun tí ó bá ojú, ti bá imú. Ní ọdún 1972, Idi Amin fún àwọn ará Íńdíà àti àwọn ará Éṣíà mìíràn ní ọjọ́ 90 péré láti fi Ùgáńdà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà tiwa náà lé ọ̀pọ̀ ará Gánà àti ará Tógò jáde.

Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1980 ni tíṣà ará Íńdíà kọ́ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó wọ ilé wọn rí?

Obìnrin kan ará Kẹ́rálà ń gbé ládùúgbò wa, tòun ti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ 2. Kẹ́rálà wà ní gúúsù Íńdíà, létí òkun. Igi àgbọn pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n. Àwọn Kristẹni ìlú rẹ̀ gbà pé Tọ́másì Mímọ́ fúnra rẹ̀ ni ó gbé Ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 52.

Ní ọjọ́ Àjíǹde kan, ó gbé àwo kan wá fún mi. Mo ṣí i: àkàrà ni, ṣùgbọ́n ó ní ihò láàrin! Ó ní vada ni wọ́n ń pè é. Mo bi í bí ó ti ṣe é. Ó rẹ ẹ̀wà kan sómi, ó lọ̀ ọ́, ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i, ó sì dín in. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó tún sọ fún mi pé ẹ̀gẹ́ sísè àti ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fẹ́ràn jù nílé. Visakham Thirunal, tí ó jọba ní Travancore láti 1880 sí 1885, ni ó rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbìn ín. Láti ìhà Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti kó ẹ̀gẹ́ àti ata wá, fún wọn àti fún wa. Ohun tí a ń pè ní tiwa-n-tiwa, àlejò ni òun náà nígbà kan.

Èmi kò sọ pé àwo àkàrà lè dá òfin dúró. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ ní Kùmásí, síbẹ̀ a lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin Aṣante kan tí ó máa ń jẹun nílé wa bá ìyá mi tọ́jú máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ fún ọdún 3, ó sì fi í ránṣẹ́ sí wa ní Lómé. Máṣíìnì yẹn ni ó rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Nísinsìnyí, ọmọkùnrin obìnrin Kẹ́rálà yìí ti ní òun kò lọ sí ẹ̀kọ́ Kátíkísìmù mọ́, nítorí ẹ̀fẹ̀ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé lálẹ́ òní. Kí ọ̀kan nínú wọn lọ pè é ní Sátidé, kí wọ́n jọ máa bọ̀.