Ta Ló Ń Gbé Níbẹ̀ Nínú Yín?

BÀBÁ WÁLÉ: Kọ́lá, láti àná tí o ti dé, Boston, Boston lò ń pè ṣáá. Jẹun ná, kí àmàlà yẹn má baà tutù.

KỌ́LÁ: Mò ń jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ààtàn ẹ̀yìn ilé yín ló rán mi létí. Dudley Street ní Roxbury tí mo gbé, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí. Báǹkì kì í yá àwọn ará ibẹ̀ lówó nígbà náà, torí aláwọ̀ dúdú ló pọ̀. Àwọn onílé kan wá ń dáná sun ilé ara wọn kí wọ́n lè gbowó adójútòfò.

BÀBÁ WÁLÉ: Ilé ara wọn? Ní Amẹ́ríkà níbẹ̀?

KỌ́LÁ: Ní Boston gan-an. Nígbà tó máa fi di ọdún 1984, nǹkan bí 1,300 ilẹ̀ ló ti di òfìfo. Ará ibòmíràn á wá da ẹ̀gbin sí i lóru. Àjọ aláàánú kan, Riley Foundation, rí i, àánú ṣe wọ́n. Wọ́n kó àwọn àjọ mìíràn jọ, wọ́n ṣètò ìgbìmọ̀, wọ́n wá pe aráàdúgbò lọ́dún 1985 pé kí wọ́n wá gbọ́.

BÀBÁ WÁLÉ: Bí àwọn tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa nìyẹn. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Páǹpù ti kú, pátákó orúkọ wọn ṣì ń dán.

KỌ́LÁ: Ẹ jẹ́ n débẹ̀. Àwọn aráàdúgbò dìde, wọ́n bi àwọn tó jókòó níwájú pé mélòó nínú wọn ló ń gbé níbẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ètò dàrú lọ́jọ́ náà. Àwọn àjọ yẹn gbà kí aráàdúgbò pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀, kí ìdìbò sì máa yàn wọ́n. Wọn ò torí ẹ̀ kówó wọn lọ o! Èyí ló yà mí lẹ́nu jù.

BÀBÁ WÁLÉ: Ẹni tó lówó ló láṣẹ, òun ni mo mọ̀ ní tèmi.

KỌ́LÁ: Aláwọ̀ dúdú, àwọn tó ń sọ èdè Spéènì, ará erékùṣù Cape Verde, òyìnbó aláwọ̀ funfun, iye ìjókòó kan náà ni wọ́n fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ àti èyí tó kéré. Ògbufọ̀ wà ní ìpàdé. Ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Ayálégbé náà ń dìbò.

BÀBÁ WÁLÉ: Ayálégbé kẹ̀? Ní ìpàdé onílé?

KỌ́LÁ: Ìpàdé aráàdúgbò ni, ẹ̀gbọ́n.

BÀBÁ WÁLÉ: Mo ti gbọ́. Ayálégbé tó jẹ mí lówó oṣù mẹ́jọ ni yóò wá júwe ibi tí gọ́tà máa gbà fún mi.

KỌ́LÁ: Ṣé yàrá tirẹ̀ kọ́ ni àgbàrá ń wọ̀ ni?

BÀBÁ WÁLÉ: Má fa ìyẹn. Máa sọ̀rọ̀ rẹ lọ.

KỌ́LÁ: Ẹ̀gbin ni wọ́n kọ́kọ́ gbógun tì lọ́dún 1986. Wọ́n pariwo títí Méyọ̀ Ray Flynn fi dá sí i, tí wọ́n ti ibùdó ìdalẹ̀nù tí kò gbàṣẹ pa. Wọ́n wá jókòó, wọ́n kọ irú àdúgbò tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀. Ní 1988, ìlú fún wọn láṣẹ láti gba ilẹ̀ òfìfo lọ́wọ́ àwọn tó pa á tì, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀. Ẹgbẹ́ aráàdúgbò kankan ò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà ṣáájú wọn.

BÀBÁ WÁLÉ: Gbalẹ̀ kẹ̀! O ti gbàgbé àdúgbò Máròkò? Oṣù keje ọdún 1990, katakata ìjọba ológun wọ̀lú l'Ékòó. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló sùn síta. Ìlú tó dára ni àwọn náà ní àwọn ń wá.

KỌ́LÁ: Ní Máròkò, wọ́n lé ẹni tó ń gbébẹ̀ nítorí ẹni tí kò gbébẹ̀. Ní Dudley, ẹni tó ń gbébẹ̀ ló gbalẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pa á tì. Ilé téèyàn ń gbé ò sí nínú ẹ̀.

BÀBÁ WÁLÉ: Hẹn-ẹn. Ta ló wá ni ilẹ̀ ọ̀hún báyìí?

KỌ́LÁ: Gbogbo wọn ni. Ẹ óò ra ilé, ẹ ò ní ra ilẹ̀. Wọ́n á yá yín nílẹ̀ fún ọdún 99.

BÀBÁ WÁLÉ: Ọdún 99? Ṣé C of O tí gómìnà ń fúnni lórí ilẹ̀ kọ́ nìyẹn? Láti 1978 ni òfin ti kó ilẹ̀ wa sọ́wọ́ gómìnà.

KỌ́LÁ: Gómìnà ò gbé ládùúgbò yín. Tiwọn, ọwọ́ aráàdúgbò ló wà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà, iye kan wà tí owó ilé náà ò gbọdọ̀ kọjá, kí òṣìṣẹ́ kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rà á. Ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà ti lé ní 200. Lẹ́yìn ọdún 2008 tí báǹkì ń gba ilé lọ́wọ́ àwọn tí kò lè san gbèsè káàkiri, díẹ̀ ni wọ́n rí gbà níbẹ̀.

BÀBÁ WÁLÉ: Dúró ná. Mo fi òógùn ojú mi kọ́lé, ẹnìkan á wá díye lé e fún mi pé iye báyìí ni kí n tà á? Ó parí! Èmi ò sí níbẹ̀.

KỌ́LÁ: Ẹ̀yin lẹ ní lánàá pé àwọn ọmọ yín ò lè ra ilẹ̀ mọ́ ní Bódìjà.

BÀBÁ WÁLÉ: Ìyẹn yàtọ̀.

KỌ́LÁ: Báwo ló ṣe yàtọ̀?

BÀBÁ WÁLÉ: Ó yàtọ̀ torí mo ní ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́, àwọn ará àjọ aláàánú kan ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọjà wa ṣe. Bá mi lọ. Kí wọ́n tó tú bébà wọn sílẹ̀, kí o dìde, kí o bi wọ́n pé ta ló ń gbé níbí nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ayálégbé àti iye téèyàn lè ta ilé, jọ̀ọ́, má mẹ́nu bà á o.