Káàdì Tó Gbé Fọ́tò Ìyá Àgbà Mì

Télọ̀ tó gé aṣọ oníbàárà ní àgékù lè wá irú aṣọ náà rà lọ́jà, kí ó sì rán òmíràn. Káfíńtà tí àga rẹ̀ ṣẹ́ lè tún un kàn. Ṣùgbọ́n onífọ́tò tí kámẹ́rà rẹ̀ yọnu ní òde ìnáwó, níbo ni yóò ti ra ọjọ́ tó ti lọ? Ìdí nìyí tí àyà ọmọ iṣẹ́ fọ́tò fi ń já ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, pàápàá bí irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ kámẹ́rà ayé òde òní, èyí tí kì í ké kí ó tó kú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abidjan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ Èjìgbò ni, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ta ni kò sì mọ̀ pé Èjìgbò àti Abidjan dà bí ilé kan tó ní ẹnu ọ̀nà méjì? Bọ́ọ̀sì ń gbéra ní Èjìgbò, ó ń lọ sí Abidjan tààrà, ó ń gba Bìnì, Tógò àti Gánà kọjá. Èdè Faransé kò sì ṣàjèjì sí etí àwọn ará ìlú náà. Anango ni àwọn onílùú ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire, bí ọmọkùnrin yìí sì ti dé, orúkọ náà ni ó bá lẹ́nu àwọn aládùúgbò.

Iṣẹ́ tí ó yàn kì í ṣe iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ Anango. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba òmìnira, ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn sítúdíò fọ́tò wà káàkiri ìlú wọn. Erika Nimis, obìnrin onímọ̀ ìtàn, fi odidi ìwé kan sọ ìtàn àwọn onífọ́tò Yorùbá wọ̀nyí ní ọdún 2005. Wọn kò dá jẹ ọjà náà o. Cornélius Azaglo, ẹni tí wọ́n bí ní Kpalimé ní Tógò ní 1924, ni ó tẹ̀dó sí Korhogo, ní àríwá Côte d'Ivoire, ní 1955, tí ó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé láti ya àwọn àgbẹ̀ fún káàdì ìdánimọ̀. Ó kú ní 2001, àwọn fọ́tò pélébé tí kò sẹ́ni tó kà kún nígbà náà ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń lọ wò nínú ilé àfihàn.

Ọ̀gá tí ó gba ọmọkùnrin wa sí iṣẹ́ jẹ́ ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún. Nígbà tí ó ṣì ní agbára, ó ní sítúdíò ní Treichville, ó ní aṣọ ìkélé tí wọ́n ya òkun àti ọkọ̀ òfuurufú sí, ó ní yàrá òkùnkùn tí ó ti ń fọ fọ́tò dúdú-òun-funfun. Nígbà tí àwọn ilé ìfọfọ́tò aláwọ̀ dé, ọwọ́ iná iṣẹ́ náà rọlẹ̀. Ohun tó tún gbé e dìde díẹ̀ ni káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní carte de séjour, tí ìjọba ibẹ̀ fi lélẹ̀ fún àwọn àjèjì ní 1990. Kò sí àjèjì tí kò nílò fọ́tò pélébé. Káàdì tí ó ń han àwọn ará ilé léèmọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni ó ń bọ́ bàbá, ayé kúkú nìyẹn. Ní 2007 ni ìjọba mú un kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS, nígbà náà kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ti gba ìgboro kan.

Kámẹ́rà yìí gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní 1975 ni Steven Sasson ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo tó kílò 3.6, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ó sì fi ń kọ fọ́tò kan ṣoṣo sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin. Kodak kò kọbi ara sí i bó ti yẹ, fíìmù ni ó ń pa owó fún wọn. Ní 2012 ni ilé iṣẹ́ náà wọ ilé ẹjọ́ pé òun jẹ gbèsè tí apá òun kò ká.

Ọmọkùnrin náà ra tirẹ̀ ní Adjamé, nínú ọjà tí kò sí irú ẹ̀rọ tí ènìyàn kò lè rí níbẹ̀. Ohun tí Èkó ń pè ní tòkúnbọ̀, France au revoir ni Abidjan ń pè é, ìyẹn ni pé, ilẹ̀ Faransé, ó dìgbóṣe. Owó èsúsú oṣù mẹ́jọ ni ó kó lé e. Kámẹ́rà náà dára. Ṣùgbọ́n bí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bá títì ni ó ti ra káàdì tí ń gba fọ́tò sára, lọ́wọ́ ọmọ tí ń kiri. Wọ́n kọ 64 sára káàdì náà gàdàgbà, owó rẹ̀ kò sì ju ti oúnjẹ ọ̀sán méjì lọ. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí ọ̀pọ̀ rà.

Sátidé mẹ́rin ni ó fi ya ìkómọjáde àti ìgbéyàwó, tí kò sí wàhálà. Kò pa fọ́tò kankan rẹ́ kúrò lórí káàdì rẹ̀, ó ní àyè pọ̀. Sátidé karùn-ún ni ti ìyá àgbà.

Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ti ta aṣọ ní Treichville ju ogójì ọdún lọ, ibẹ̀ ni ó bí ọmọ mẹ́fà sí, ibẹ̀ ni ó sì ti sin ọkọ. Nísinsìnyí ó ń padà sí Èjìgbò pátápátá, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé òun kọjá bodè mẹ́rin nígbà tí òun kò ní lè bá àwọn aṣọ́bodè jà. Àwọn ọmọ rẹ̀ péjọ, wọ́n wọ aṣọ ẹbí. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tí ó fẹ́ ọkọ sí Bouaké, ni ó pẹ́ dé; nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ó wọlé. Nígbà náà ni gbogbo wọn tó pé. Ọmọ iṣẹ́ tò wọ́n, ó ya wọ́n nígbà mẹ́sàn-án, ó sì gbé ojú kámẹ́rà fún ìyá wò. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi rèé! Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o ya ti ọmọ tìrẹ náà."

Ní òru ọjọ́ náà ni ó ṣí káàdì náà. Fọ́tò àárọ̀ wà. Nígbà tí ó kan ti ọ̀sán, àpótí eérú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Faransé pé a kò lè fi fọ́tò yìí hàn. Orúkọ wọn wà, nọ́ńbà wọn wà, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kankan nínú wọn. Ó yọ bátìrì, ó fi í padà. Ó fi aṣọ nu ibi tí lẹ́ǹsì ti ń kan ara kámẹ́rà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan. Ẹni náà tú u, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni ó ti wọ inú rẹ̀, ó sì gba owó. Òtítọ́ ni pé ọ̀rinrin Abidjan ń ba kámẹ́rà jẹ́, ó tilẹ̀ ń mú kí ebu hù sínú lẹ́ǹsì. Àmọ́ ẹni tí inú ń run, tí wọ́n wá ń wo ojú fún, ìwòsàn rẹ̀ yóò pẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Ajé ni ó tó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ̀ ìyá àgbà yóò gbéra ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Bàbá, kámẹ́rà mi ti ya wèrè."

"Ó ya wèrè? Ṣé ó ń ya fọ́tò báyìí?"

"Ó ń yà á, sà. Fọ́tò máa ń hàn lójú rẹ̀ bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bó bá di ẹ̀yìn, mi ò ní bá a mọ́."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Nígbà ti fíìmù," ó ní, "ohun kan wà tí mo bẹ̀rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí fíìmù kò bá kọ́ mọ́ igi tí ń ká a, wàá máa tẹ̀, yóò máa dún, fíláàṣì yóò máa bù yẹ̀rì, 36 yóò pé, kò ní sí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lápá òsì. Bí mo bá ti fa fíìmù, mo máa ń wò ó bóyá ó ń yí. Bí kò bá yí, mo ti mọ̀. Kí ni ó ń yí nínú tìrẹ?"

Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò sọ. "Kò sí, sà."

"Ó dáa. Mú káàdì yẹn wá. Má tẹ ohunkóhun mọ́, má sì jẹ́ kí ó pa nǹkan rẹ́."

Ọmọ aládùúgbò kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé e fún. Ó kọ́kọ́ kó gbogbo fọ́tò tó ṣì wà jáde. Lẹ́yìn náà ni ó ń rọ nǹkan sínú káàdì náà bí ẹni ń rọ omi sínú kèrègbè, tí ó sì ń kà á padà. Kò tíì pé gíìgì 8 tí ohun tó ń rọ sí i fi bẹ̀rẹ̀ sí í dàwátì. Káàdì náà kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn tó ṣe ayédèrú rẹ̀ kọ́ ọ kí ó máa purọ́ fún kámẹ́rà pé 64 ni òun, kí ó sì máa gba gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé fún un láìkọ̀, kí ó máa dà á nù. Ohun tí ìyá àgbà rí lójú kámẹ́rà kì í ṣe ohun tí káàdì tọ́jú. Inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ó ti ń yọ fún ìgbà díẹ̀. Oríṣi ìdánwò báyìí, wákàtí mélòó kan ni ènìyàn fi ń ṣe é lọ́jọ́ tó bá ra káàdì. Ìṣirò inú kọ̀ǹpútà wà tí ó lè hú fọ́tò tí a ṣèèṣì pa rẹ́ jáde, nítorí orúkọ lásán ni ìparẹ́ sábà máa ń mú kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tí káàdì kò gbà rí, kò sẹ́ni tó lè hú u.

"Bàbá, ṣé kí n sọ fún wọn pé kámẹ́rà ló bàjẹ́?"

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Dìde, kí o máa lọ. Ilẹ̀ ń ṣú."

Ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àkọ́bí ìyá, ó sọ bí ó ti rí, ó sì gbé owó àsansílẹ̀ tí wọ́n fún un kalẹ̀. Ọkùnrin náà bínú gidigidi. Ta ni kò ní bínú? Ìyá àgbà ni ó gbọ́ ariwo láti yàrá, tí ó ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀, kí ó wá bá àwọn ní ibùdókọ̀ ní ìdájí.

Káàdì ọ̀gá rẹ̀ ni ó gbé lọ, lẹ́yìn tí ó ti dán an wò. Àwọn ọmọ márùn-ún tún wọ aṣọ ẹbí wọn. Àbíkẹ́yìn ti padà sí Bouaké láti ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ fẹ́ sún wọn mọ́ra kí wọ́n lè kún ojú fọ́tò, ìyá kọ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi àyè ọmọ mi sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ó yà wọ́n, pẹ̀lú àyè náà, oòrùn ìdájí ń bọ̀ láti apá ọ̀tún wọn. Ọkọ̀ gbéra.

Ó gbé fọ́tò náà fún ọ̀gá. Bàbá wò ó pẹ́, kò sì sọ ti àyè tó ṣófo. Ìtàn ìbejì ni ó ń sọ. Ní Ìlá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, á wọ èyí tó kù ní aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ kí ó tó ya ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú African Arts ní 1978, àwọn onífọ́tò Ìlá ni ó sì rí i lọ́wọ́ wọn. "Òkú ni a ṣe é fún," ni bàbá wí, "ti ẹni tó wà láàyè ni yóò wá nira?"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ iṣẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Bouaké. Ó bá àbíkẹ́yìn nílé, ó ní kí ó jọ̀ọ́ wọ aṣọ ẹbí náà, kí ó sì jáde síta kí oòrùn tó ga. Ó fi fọ́tò ibùdókọ̀ hàn án. Obìnrin náà wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí àyè tó ṣófo, ó sì béèrè ibi tí òun yóò dúró sí. Ọmọ náà ní kí ó kọ apá ọ̀tún sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ó rọra tẹ ara sí i, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ní èjìká.