Kì Í Ṣe Gbogbo Pupa Ni Epo

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó kan ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo wa.

Epo pupa, zobo gbígbẹ àti ata gígún ni mò ń tà ní Danmagaji níbí. Láti bí oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníbàárà ń sọ fún mi: "Baba, manjan nan bai yi ja ba." Wọ́n ní epo mi ò pọ́n tó. Àwọn Yorùbá tiwa náà ń sọ ọ́. Ìyá olóúnjẹ kan tó máa ń ra kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ ti gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ, ó ní tọ̀hún pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọjà yìí la fi ń tọ́ ọmọ, kí n má parọ́, ó dùn mí. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé ẹbu pupa kan wá bá mi nínú ọ̀rá, ó ní ṣíbí kékeré kan ti tó kẹ́ẹ̀gì kan. Mo ní kó máa gbé e lọ. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ara ẹyin ọ̀pẹ ni àwọ̀ epo ti ń wá. Ohun tó ń pọ́n nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní carotene. Òun náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì. Tá a bá jẹ ẹ́, ara wa á sọ ọ́ di fítámìn A, tó ń ran ojú lọ́wọ́, tó sì ń jẹ́ kí ara ọmọdé lè bá àìsàn jà. Torí fítámìn yìí náà ni wọ́n ṣe mú irúgbìn ẹ̀gẹ́ tí inú ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè jáde ní Nàìjíríà ní 2011. Ẹ ò rí i pé àwọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Oúnjẹ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí Ọlọ́run dá kì í dọ́gba. Epo ti ọ̀pẹ yìí lè pọ́n ju ti ọ̀pẹ yẹn lọ. Oòrùn máa ń mú un ṣá. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e kaná títí ó fi di funfun, carotene inú ẹ̀ ti jóná nìyẹn.

Ẹbu tí wọ́n ń pò mọ́ epo ńkọ́? Sudan IV wà lára wọn. Àwọ̀ ilé iṣẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kun àbẹ́là àti pólíìṣì bàtà. Wọ́n kà á léèwọ̀ nínú oúnjẹ torí ìbẹ̀rù àrùn jẹjẹrẹ. Ní 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Gánà rí i nínú epo pupa tí wọ́n ń tà láwọn ọjà Accra. NAFDAC tiwa náà ti kìlọ̀. Àwọn òyìnbó pàápàá ò bọ́ níbẹ̀: ní 2005, wọ́n rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Sudan I, nínú ata gígún kan ní ìlú ọba, oríṣi oúnjẹ tó lé ní 400 ni wọ́n kó kúrò lórí àtẹ. Ojú lásán ò sì lè dá a mọ̀. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti zobo. Ìṣápá pupa náà ni o, ọmọ ìyá ìṣápá funfun táwọn ará Èkìtì fi ń se ọbẹ̀. Àwọ̀ tiẹ̀ kì í ṣe ti epo, omi ló ń yọ́ sí. Ẹ fẹ́ rí idán? Ẹ bu zobo díẹ̀ sínú ife, ẹ ju kán-ún sí i. Pupa yẹn á yí padà, á dà bí aró. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i dáadáa, á tún pọ́n padà. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ ilé iṣẹ́ ò ní yí padà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní zobo ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àbí? Ní 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò kan jáde: àwọn tó mu ife mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Èmi tí mò ń tà á ni mo ń sọ ọ́: ẹ má tìtorí zobo ju oògùn dókítà nù. Èyí tẹ́ ẹ bá sì da ṣúgà kún bámúbámú, ẹ ti ba tiẹ̀ jẹ́.

Ọ̀kan tún kù, karan dafi táwọn Haúsá ń tà, ìyẹn èèpo pupa ara pòròpórò ọkà bàbà. Òun làwọn ará Gánà fi ń se waakye tó fi ń pọ́n, òun ni wọ́n fi ń kun wàrà ní Bẹ̀nẹ̀. Ó dára láti fi kun oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi omi ẹ̀ tọ́jú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, torí pé ó pọ́n. Ẹ̀yin ìyá wa, pupa kọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ bá funfun, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù, ó lè jẹ́ ibà ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwa tá à ń rà á la ń kọ́ ẹni tó ń tà á ní èrú. Bá a bá ń lé pupa kiri, wọ́n á bá wa ṣe pupa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra epo, lọ́dọ̀ mi tàbí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé ṣó pọ́n. Ẹ béèrè ibi tó ti wá àti ìgbà tí wọ́n fún un. Ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá mọ epo ẹ̀ á dá yín lóhùn.

Ní tèmi, bó ṣe wá láti ebu ni n ó máa tà á. Ìyá olóúnjẹ wa, tẹ́ ẹ bá ka èyí, àyè yín ṣì wà nílẹ̀ o. Ọlọ́run á má jẹ̀ẹ́ ká fi owó ara wa ra àìsàn. Àṣẹ. Ẹ̀yin ará, kí ni àwọn ìyá yín fi ń dá epo tó dáa mọ̀ nílé? Ẹ sọ tiyín, ká kọ́gbọ́n.